Ọ̀rọ̀ Kan Tí Nomau Kò Fẹ́ Gbọ́ Mọ́

Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, Nomau kò béèrè lọ́wọ́ aláìsàn kankan pé báwo ni ara. Ní Damagaram, nílẹ̀ Niger níhìn-ín, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwa tí a máa ń béèrè ilé, ọmọ, iṣẹ́, àárẹ̀ àti òtútù lọ́wọ́ ẹni tí a kàn fẹ́ ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí odidi nọ́ọ̀sì wọ yàrá abiyamọ kó má béèrè ara, a ó ní wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Kande tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ̀bí sọ ọ́ sí i lójú lọ́jọ́ kan pé ó jọ pé Niamey tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ló gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sí. Nomau rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kande kò tíì dé wọ́ọ̀dù náà nígbà tí ọ̀rọ̀ abiyamọ kan tó ń jẹ́ Tsahara ṣẹlẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kì í sọ ọ́.

Iṣẹ́ Nomau ni láti gún àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ní abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, kí ara wọn láti ìsàlẹ̀ ọmú dé àtẹ́lẹsẹ̀ lè kú títí dókítà yóò fi gbé ọmọ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó jogún. Mati bàbá rẹ̀ ń rán igbá ní àdúgbò Birni: igbá tó bá là, yóò fi irin ṣóńṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìlà náà, yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rán an pọ̀, yóò bu omi sínú rẹ̀, yóò sì gbé e sókè láti wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ṣì ń kán. Nílùú tí a ti ń dúró de ẹni tó ń ti àgbá omi kiri bí ẹni ń dúró de àna, ẹnikẹ́ni kì í sọ igbá nù nítorí pé ó ń jò. Mati kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igbá gbọ́. Bí obìnrin bá ní ibi báyìí ló ti ń jò, á kọ́kọ́ bu omi sí i, á fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Lójoojúmọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń rí i bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó rántí rẹ̀ ló gbàgbé.

Ẹ̀fọ́rí kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Nomau gan-an ló ń fà á. Inú omi ni ọpọlọ wa jókòó sí, omi kan náà ló sì sọ̀ kalẹ̀ sínú egungun ẹ̀yìn. Bí abẹ́rẹ́ bá gba inú awọ tó gba omi yìí dúró kọjá, tí ihò náà kò tètè dí, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe nípọn tó ni jíjò náà á ṣe pọ̀ tó, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì máa ń tán lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, obìnrin náà á dìde jókòó, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láti iwájú dé ẹ̀yìn ọrùn, etí á máa hó, èébì á máa gbé e. Á dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi lọ. Á tún dìde, á tún dé. Àwọn ìyá àgbà ní ẹ̀mí àìrí kan ló dúró síbi tí orí rẹ̀ ń dé bó bá ti nàró. Mo ti gbọ́ àlàyé tó burú ju ìyẹn lọ lẹ́nu àwọn tó kàwé.

Ìdùbúlẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, àti omi mímu, àti tíì. Kì í ṣe tíì oníwàrà o. Èyí tí àwọn ọkùnrin ń sè nínú ìkòkò kékeré lórí èédú lẹ́nu ọ̀nà ni, àkọ́sè rẹ̀ tó dúdú tó sì korò dé ọ̀fun. Nomau a máa rán àwọn ọkọ lọ bù ú wá. Ọ̀pọ̀ ihò á dí fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tí kò bá fẹ́ dí, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà láti apá rẹ̀, wọ́n á gún un padà sí ẹ̀yìn rẹ̀, síta awọ omi náà, kí ẹ̀jẹ̀ lè dì lé ihò náà lórí kó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Dókítà àlejò kan ló kọ́ Nomau ní èyí, Nomau sì ti ṣe é fún ènìyàn méje. Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe abiyamọ, abẹ́rẹ́ kankan kò sì kan ẹ̀yìn rẹ̀ rí: ọkùnrin kan tó ń ti àgbá omi ni, awọ náà kàn ya fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń gbé ẹrù. Tirẹ̀ le ju ti àwọn obìnrin lọ, torí pé ẹni tí a gún, a mọ ibi tí a gún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí omi ti ń jò lẹ́yìn ọkùnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nomau fi ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ẹ́ kó tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú Nomau dùn nígbà náà, ó ń sọ fún Delu ìyàwó rẹ̀ pé òun náà ti di ẹni tó ń rán igbá.

Ẹnì kẹjọ ni Tsahara. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ọmọbìnrin. Ẹ̀fọ́rí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dé bó bá jókòó, ó ń lọ bó bá dùbúlẹ̀, Nomau sì fi ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè pé báwo ni ara.

Tsahara dá a lóhùn pé, "Da sauki."

Ara ti ń fúyẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tó wà nìyẹn. Ẹni tí ibà ń ṣe ń sọ ọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń sọ ọ́, ẹni tí èémí rẹ̀ ti kù díẹ̀ ń sọ ọ́, torí pé ẹni tó bá ní ara kò fúyẹ́ dà bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run ṣe àríyànjiyàn. Tsahara kọjú sí ògiri nígbà tó ń sọ ọ́, ó kẹ́yìn sí ọmọ. Àwọn obìnrin tó wà ní yàrá ń yìn ín pé ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìtìjú. Ìyá àkọ́bí kì í wo ojú ọmọ rẹ̀ níṣojú àgbà, kì í gbé e jó, kì í bá a ṣeré, àfi bí ẹni tí kò mọ ẹni tó bí i. Nomau náà yìn ín. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ ti yá, ó sì lọ sí iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni gìrì mú un. Kí oòrùn tó wọ̀, Tsahara ti kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ọpọlọ rẹ̀, pé ẹ̀fọ́rí náà á ti yí padà láti ọjọ́ tó ṣáájú, pé á ti máa fọ́ ọ bó dùbúlẹ̀ bó dìde, àti pé ìmọ́lẹ̀ ló ń sá fún tó fi kọjú sí ògiri. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti wọ Nomau létí tí kò jáde mọ́. Ó ń gbọ́ ọ nínú omi tó ń hó, nínú ìró ilẹ̀kùn, ní ohùn Tsahara tó rẹlẹ̀ tó sì há díẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé ohùn náà ní ìwà pẹ̀lẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó di pé bó bá ti rí obìnrin tó kọjú sí ògiri, á lọ fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì ń mí. Ọmọ tí Tsahara bí ti dàgbà, ó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ din màsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà ni Nomau máa ń gbà lọ sílé, ó sì jìn ju ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ dáadáa.

Kò sì fi ẹ̀jẹ̀ lẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣọ́ra ló pè é, ẹ̀rù ni. Àwọn obìnrin sùn kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ń fún wọn ní tíì. Ọmú ọ̀kan gbẹ nítorí kò lè jókòó fún ọmọ lọ́mú bó ṣe yẹ. Nomau mọ̀ pé òun lè gbé e dìde ní ọ̀sán kan ṣoṣo, kò sì ṣe é. Ó ń bá ara rẹ̀ jà lórí ìyẹn náà.

Bó ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi gbé Rakiya wá. Ọmọ ogún ọdún ni, ìyàwó Habu tó ń ṣe bàtà awọ, ó sì bí ọmọkùnrin, àkọ́bí. Nomau ló gún un, abẹ́rẹ́ tó nípọn ló sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀fọ́rí dé lọ́jọ́ kẹta. Ó di ọjọ́ karùn-ún, kò lọ. Hajiya Talle, ìyá ọkọ rẹ̀, ló jókòó tì í láàárọ̀ lálẹ́. Fúlàní ni Hajiya, Kánúrí ni Nomau, a sì mọ ẹ̀fẹ̀ àtayébáyé tó wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì: kálukú ń pe ẹnì kejì ní ẹrú, ẹni tó bá bínú ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Hajiya ti ń bú u tẹ̀ríntẹ̀rín, pé Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ara adìẹ ni àwọn Kánúrí ti ń kọ́ ọmọ wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ènìyàn báyìí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀rín ti tán nínú rẹ̀. Ọ̀tunla ni ìkómọ. Ìwẹ̀ gbígbóná ìyá ìkókó, omi híhó àti ewé dóńgóyárò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Rakiya kò tíì wẹ ẹyọ kan.

"Ẹrú mi," ni Hajiya wí, "ìwọ lo gún un, ìwọ ni kó o tún un ṣe. Bí o ò bá lè tún un ṣe, sọ ọ́ fún mi kí n gbé e lọ sílé lọ́la. Omi gbígbóná á lé ohun tó wà lórí ẹ̀ lọ."

Nomau mọ ohun tí ọ̀la yẹn jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́rí omi tó ń jò ni, wọ́n á gbé Rakiya dúró lórí òkúta ìwẹ̀, á ṣubú. Bó bá jẹ́ ti Tsahara ni, ilé ni á kú sí, oògùn kò sì sí níbẹ̀. Bó bá wá fi ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ẹ́ nígbà tó jẹ́ ti Tsahara ni, yóò tún padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá béèrè ara lọ́wọ́ ẹni tó ń kú lọ.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ibà kò sí lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Ó tan iná sí i lójú, ó ní kó fi ọwọ́ ti ọwọ́ òun, kó fi ẹsẹ̀ ti àtẹ́lẹwọ́ òun. Gbogbo rẹ̀ dára. Ó gbé e jókòó, ojú rẹ̀ hunjọ, ó dá a sùn padà. Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn sì ni ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ fún un. Ó fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó máa fi béèrè.

"Bó o ṣe dùbúlẹ̀ yìí, ọmọ mi, kí ni orí rẹ ń ṣe?"

Rakiya fa ìborùn bo ẹnu. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Da sauki," ló wí.

Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Nomau. Ó ṣà á, ó jáde, ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ohùn Rakiya ló gbọ́, ṣùgbọ́n ti Tsahara ló wọlé sí i létí. Ó rò ó láti sọ fún Hajiya pé kí wọ́n máa gbé e lọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́rùn òun. Ó rò ó gan-an. Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kan fi ti àgbá omi kọjá níwájú rẹ̀, tí omi ń kán sílẹ̀ nídìí àgbá, ó sì rántí bàbá rẹ̀ tó máa ń gbé igbá sókè wo ìdí rẹ̀, tí obìnrin tó ni ín á máa sọ̀rọ̀ lọ tí Mati kò ní gbọ́.

Ó dìde, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Hajiya, àwọn Fúlàní, bí ẹ ṣe ń ṣọ́ màlúù náà lẹ ṣe ń ṣọ́ ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká jáde lọ mu tíì. Eléyìí ò ní jẹko olóko."

Hajiya kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Nomau kó òun àti gbogbo obìnrin tó wà ní yàrá jáde, ó gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú Hajiya dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sè tíì lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà, ó yí ilé po, ó lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá náà bí olè. Ojú tì í. Ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún, tó ń yọjú wo ìyàwó oníyàwó.

Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Ó ń retí kó rí ẹ̀yìn obìnrin tó kọjú sí ògiri, ó sì ti mọ ohun tí yóò ṣe bó bá rí i bẹ́ẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù ni, ogún ìgbésẹ̀. Ló bá gbọ́ ẹ̀rín.

"Ìwọ yìí, ta ló fún ẹ nímú yìí?" ni Rakiya ń sọ. "Imú Habu ni. Imú Habu gbọọrọ."

Ó dárúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ó sùn pẹrẹsẹ, ọmọ wà láyà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń bọ́ sí i lójú tààrà, kò sì di ojú. Ó ń ka ìka ọmọ náà, ó ṣì í kà, ó tún un kà. Nomau wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló dúró síbẹ̀, ó sì gbé ojú lé e bí Mati ṣe máa ń gbé ojú lé ìdí igbá. Nígbà kan, Rakiya gbé orí sókè láti fi ẹnu kan iwájú orí ọmọ, ó kérora, ó ṣubú padà sórí ìrọ̀rí. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ imú Habu.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lọ́pọlọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Nomau gbára lé ògiri, omi dà lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án náà ló fi ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Rakiya fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Kande sì di èjìká rẹ̀ mú. Nomau fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó ti ẹ̀jẹ̀ náà wọlé, ó sọ fún un pé, "Nínú yàrá yìí, a kì í sọ da sauki. Bó bá dùn ẹ́, sọ pé ó dùn ẹ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó ń tì í díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, Rakiya ní, "Ó ń tẹ̀ mí lẹ́yìn, bàbá." Nomau dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti dùn mọ́ ọn nínú bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó ní kó sùn kalẹ̀ fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, Rakiya jókòó, ó dúró, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Hajiya béèrè ara lọ́wọ́ rẹ̀. Rakiya wo Nomau, ó ní orí kò fọ́ òun mọ́. Hajiya ní Kánúrí yìí ti ba ẹ̀kọ́ ọmọ òun jẹ́ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ nu ojú.

Èyí kò tíì tó fún Nomau. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń bà á lẹ́rù, torí pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Tsahara dá a lóhùn. Ó dé wọ́ọ̀dù kí àwọn tó ń gbálẹ̀ tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

Rakiya kọjú sí ògiri. Ó kẹ́yìn sí ọmọ. Àwọn obìnrin ẹbí jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń sọ pé ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìtìjú.

Nomau di férémù ilẹ̀kùn mú, kò lè wọlé, kò lè padà. Ojú rẹ̀ ń wá ibi tó lè sá sí, ó bọ́ sórí etí aṣọ tó bo Rakiya. Ọwọ́ Rakiya wà lábẹ́ aṣọ náà, ó nà án sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, bí ẹni tó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rí i nínú àwọn àgbà náà.

"Rakiya," ni Nomau pè é. "Báwo ni ara?"

Gbogbo yàrá yíjú sí i. Kande tó ń gbé ìwé kọjá dúró. Rakiya yí padà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó fi ìborùn bo ẹ̀rín tó ń bọ̀.

"Ṣebí ẹ ní ká má sọ ọ́."

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́sàn-án, Nomau mú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pọ̀n. Ó dé ibi tí a ti ń rí èéfín àwọn oní màsà, ó rí ọmọdébìnrin kan tó tẹ̀ ba, tó ń yí màsà. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó padà, ó gba ẹ̀yìn ọgbà bíi tàtẹ̀yìnwá.

Delu wà lábẹ́ ìbòòji, ó ń pò fúrá. Ó kí ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń kí i lójoojúmọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, pé báwo ni àárẹ̀. Kò sí àárẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin Damagaram ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni Nomau náà dáhùn ní alẹ́ ọjọ́ tí Tsahara kú.

Nomau jókòó sórí ẹní. Ó bọ́ bàtà kan, kò bọ́ èkejì.

"Àárẹ̀ wà, Delu," ló wí. "Ó pọ̀."

Delu gbé ọwọ́ kúrò nínú fúrá. Ó nu ọwọ́ náà, ó sún mọ́ ọn, ó bá a bọ́ bàtà kejì, ó sì ní kó sọ ọ́.